Iná wọ ilé omi: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pantanal, àti àkùrọ̀ etí Odò Ògùn

ỌmọẸnuGádà · Ọjọ́rú, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí le. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ilẹ̀ kò mọ́ lọ́jọ́ kan kí n má bá màjàlà lórí aṣọ tí ìyàwó mi sá síta. N ò mọ ibi tí pápá ti ń jó, ṣùgbọ́n màjàlà ti wá ṣòfófó.

Ohun tó gbé mi dé ibí nìyí. Lánàá ni mo ka ìtàn iná kan tó jó ní Brazil ní 2020, níbi tí wọ́n ń pè ní Pantanal. Mo ti gbọ́ iná oko, mo ti gbọ́ iná pápá, n ò gbọ́ iná àbàtà rí. Ibẹ̀ sì ni àbàtà tó tóbi jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ olóoru ayé. Àwọn àgbà ní iná ń jó, ògiri ò sá, ó tún ń gbá gẹ̀ẹ̀rẹ̀ sómi. Àfojúdi ni wọ́n ka ìyẹn sí fún iná. Lọ́dún 2020, iná lọ bá omi nílé, kò bá a nílé, ó sì jó ilé náà.

Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 hẹ́kítà ló jó lọ́dún yẹn nìkan. Ẹni tí hẹ́kítà kò bá yé, ẹ mú gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Ìmẹ̀kọ títí dé ìpẹ̀kun Ìjẹ̀bú, kí ẹ sọ ọ́ di méjì. Iná náà ṣì fẹ̀ jù ú lọ.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Báwo ni ilé omi ṣe ń gbiná? Èkejì, àkùrọ̀ bàbá mi wà létí Odò Ògùn, lẹ́yìn Ẹnu Gádà. Lẹ́ẹ̀rùn èṣí, iná jó ìdajì rẹ̀, àtìrèké àtẹ̀fọ́. Bàbá ní àmúwá Ọlọ́run ni, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Láti àná ni mo ti ń rò ó bóyá àmúwá ni lóòótọ́.

Tíṣà_Aṣerò · 8:47 alẹ́

Ọmọ Ẹnu Gádà, o káre. Jẹ́ọ́gíráfì ni mo fi jẹun fún ọdún 29, jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀.

Pantanal dà bí àwo pẹrẹsẹ. Brazil ló ni èyí tó pọ̀ jù, Bolivia àti Paraguay ló pín ìyókù. Apá ti Brazil nìkan tó nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́sàn-án ìpínlẹ̀ wa yìí. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ibẹ̀ gan-an, orí òkè tó yí i ká ló ti ń rọ̀, omi á wá máa wọ́ bọ̀ nínú odò Paraguay. Ilẹ̀ náà tẹ́ débi pé omi kì í sáré. Ó máa ń lo oṣù mélòó kan lọ́nà kó tó dé ìsàlẹ̀. Èyí ló fi jẹ́ pé òjò á ti dá, ẹ̀ẹ̀rùn á ti wọlé, ìgbà yẹn gan-an lomi ń ga níhà gúúsù. Koríko ń rí omi mu nígbà tó yẹ kó gbẹ. Omi yẹn ni ọgbà tó yí i ká, kò séná tó lè fo ó.

Ní 2019 òjò já wọn kulẹ̀, 2020 burú jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ olómi tó máa ń fẹ́ wá láti igbó Amazon kò wá bó ṣe ń wá. Odò Paraguay fà dé ibi tí wọn ò bá a láti bí àádọ́ta ọdún. Ẹ wá rò ó: koríko tó ti mu omi àmuyó fún ọdún pípẹ́, tó ga ju orí èèyàn, tó dí bí irun àgùntàn, gbogbo rẹ̀ gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Pápá tó máa ń gbẹ lọ́dọọdún kì í ní koríko tó bẹ́ẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí àbàtà tó gbẹ burú ju pápá lọ.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ló sì le jù. Ilẹ̀ gan-an ń jó. Ewé àti gbòǹgbò àti koríko omi tó kú ń rì sísàlẹ̀ lọ́dọọdún. Omi kò jẹ́ kí wọ́n rà tán, wọ́n á dì léra wọn bí ẹní tí a tẹ́ lé ẹní. Bí omi bá wá lọ, iná á wọ inú ẹní yẹn, á máa rìn lábẹ́. Ẹ ò ní rí ọwọ́ iná, èéfín tíntín ló máa ń yọ. Ẹ ó pa á níhìn-ín, á yọ lọ́hùn-ún. Àwọn panápaná ibẹ̀ gbẹ́ kòtò yí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ká kí ó má baà rí ọ̀nà lọ.

Sọ́ọ̀mílì_Láfẹ́ńwá · 9:03 alẹ́

Ẹni tí iná abẹ́ ilẹ̀ kò bá yé, kó wá bá mi ní sọ́ọ̀mílì.

Òkìtì sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì kan wà lẹ́yìn ibi tí mo ti ń lagi. Nínú December ọdún kan, ẹnì kan ju ṣígá síbẹ̀, ó gbiná. A da omi sí i, garawa lórí garawa, ó kú lójú gbogbo wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àbúrò mi, ọmọ ọdún 11, sáré lé bọ́ọ̀lù gorí òkìtì yẹn. Òkè rẹ̀ tutù. Ó dúdú díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ké lẹ́ẹ̀kan, kò lè ké mọ́. Nígbà tá a fà á jáde, rọ́bà sílípáàsì ti yọ́ mọ́ awọ àtẹ́lẹsẹ̀, a ò mọ èyí tá a máa kọ́kọ́ yọ. Mo fi ṣọ́bìrì tú òkìtì náà. Inú rẹ̀ pọ́n bí ojú ààrò alágbẹ̀dẹ, nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan péré sísàlẹ̀.

Ó ti di géńdé báyìí. Kò fi gbogbo ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ títí dòní.

Omi tá a dà kò dé ìdí iná. Òkè la rẹ, a sì lọ sílé lọ sùn.

ÌyáẸlẹ́ja · 9:10 alẹ́

Áà! Pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi. Ọlọ́run á bá a tún ẹsẹ̀ náà ṣe.

Tíṣà, ẹja ibẹ̀ ńkọ́?

Tíṣà_Aṣerò · 9:34 alẹ́

Ìyá wa, adágún tó gbẹ kò lè ní ẹja, ìyẹn lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iná gan-an, nígbà tí omi tuntun bá padà dé, ewu mìíràn wà ńbẹ̀. Wọ́n lórúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀, *dequada*. Omi á bo koríko tó ti kú, koríko á máa rà, á mu afẹ́fẹ́ inú omi tán. Omi á dúdú bíi kọfí. Ẹja á máa yọ ẹnu sókè, á máa gbé afẹ́fẹ́ mì, títí tá á fi kú. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ láìsí iná, àmọ́ bí òjò bá tún gbá eérú ilẹ̀ tó fẹ̀ tó yẹn wọ odò, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó kù.

Ní ti ẹran orí ilẹ̀, àwọn onímọ̀ wọnú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó kí òkú tó bàjẹ́, wọ́n rìn ní ìlà tààrà, wọ́n ń ka gbogbo òkú tí wọ́n bá rí. Ìṣirò tí wọ́n fi jáde ní 2021 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 17 ẹranko eléegun-ẹ̀yìn tí iná 2020 pa lójú ẹsẹ̀. Ejò kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí ebi àti òùngbẹ pa lẹ́yìn ìgbà náà kò sí nínú ìṣirò.

ÌyáẸlẹ́ja · 9:41 alẹ́

Mílíọ̀nù 17. Ẹ̀dá Ọlọ́run.

Mo mọ ẹja tó ń yọ ẹnu sókè yẹn. Nígbà tí omi bá fà gan-an létí odò wa níbí, tó di kòtò kòtò, ẹja á kó jọ sínú kòtò kan, wọ́n á máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé á fi agbọ̀n kó wọn bí ẹni kó ẹ̀wà. A máa ń yọ̀ lọ́jọ́ náà nítorí ẹja pọ̀ lọ́jà, ó sì pọ́ọ́kú. Lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e, a kì í rí ẹja. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń tà á kí n tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Abẹ́òkútà_niléwa · 10:02 alẹ́

Ẹ má bínú sí mi o. Òkun ló wà láàárín àwa àti Pantanal yín. Níbí, àgbàrá àti ìkún omi ni wàhálà tiwa. Lóṣù October, omi wọ yàrá ìyá mi dé orúnkún, orí tábìlì la gbé mátírẹ́ẹ̀sì sí. Ẹ̀ ń bá ẹni tómi ń gbé lọ sọ̀rọ̀ ọ̀dá. Bí àkùrọ̀ bá tilẹ̀ jó, kí ló burú ńbẹ̀? Ẹ̀fọn á dín kù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà · 10:25 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà, ẹ bá mi kí màmá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí omi tó wọ yàrá màmá àti iná tó jó àkùrọ̀ bàbá ọmọ Ẹnu Gádà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Kàn-ìn-kàn-ìn ni àkùrọ̀. Lásìkò òjò, á fa omi mu, odò ò ní fi gbogbo agbára ya wọ ìlú. Lẹ́ẹ̀rùn, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ á wà ní tútù. A ti wá ń da yẹ̀pẹ̀ sí wọn, a ń kọ́lé lé wọn lórí. Omi kò ríbi jókòó mọ́, ó wá jókòó sí yàrá màmá. Nígbà tó bá sì di January, díẹ̀ tó kù nínú àkùrọ̀ náà á gbẹ háúháú, torí kò rí omi gbà sára nígbà òjò. Dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 lè gba omi tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà, ṣùgbọ́n bó ṣe wù kó tóbi tó, kò lè ṣiṣẹ́ àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa fún wa.

Ohun tó ṣe Pantanal náà nìyẹn. Orí òkè tí omi wọn ti ń wá, wọ́n ti gé igi ibẹ̀ púpọ̀, wọ́n fi gbin sóyà, wọ́n fi sin màlúù. Yẹ̀pẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀. Odò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Taquari, yẹ̀pẹ̀ dí i títí ó fi fi ojú ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀, tó ń ya kiri.

Abẹ́òkútà_niléwa · 10:31 alẹ́

Ó yé mi díẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́.

Ẹ̀gbá_ní_São_Paulo · 11:18 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Ọmọ Ìtòkú ni mí, aṣọ ni mo ń tà ní São Paulo láti 2014. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi.

Nínú September 2020, èéfín Pantanal dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà náà ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Oòrùn pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn, a sì ń wò ó láìdijú. Alẹ́ alẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé e. Ohun tí mi ò gbàgbé ni ẹranko kan. Jaguar ni wọ́n ń pè é, ó jọ ẹkùn, ó kàn nípọn jù ú lọ ni. Ọgbà ìjọba kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìpàdé Omi, Encontro das Águas. Kò síbi tí jaguar pọ̀ tó ibẹ̀ láyé. Iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbà náà. Wọ́n bá akọ kan létí odò, kò lè rìn. Ó ti gba orí ilẹ̀ gbígbóná kọjá, àtẹ́lẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bó. Wọ́n ń pè é ní Ousado. Wọ́n gbé e lọ tọ́jú, wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni di ọmọ tuntun, nígbà tó di October wọ́n dá a padà sígbó. Abo kan náà wà, Amanaci, òun kò rí padà mọ́, iná ti jẹ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo ka ti ọmọ sọ́ọ̀mílì lókè yìí, Ousado ló wá sí mi lọ́kàn. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n tẹ̀.

Kì í sì í ṣe ẹranko nìkan ló ń gbébẹ̀. Àwọn Guató, tí inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń gbé ayé wọn láti ìrandíran, ilẹ̀ tiwọn náà jó.

AládìírẹÌtòkú · Ọjọ́bọ̀, 6:05 àárọ̀

Ọmọ àdúgbò mi, ẹ kú iṣẹ́ ajé lọ́hùn-ún. Mo lọ wá àwòrán ibẹ̀ lálẹ́ àná, mo rí odídẹrẹ́ kan. Gbogbo ara rẹ̀ aró! Kì í ṣe búlúù ọjà. Aró èlú gidi ni, èyí tó ti wọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́fà tó sì gbẹ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó wá ní yẹ́lò yí ojú ká. Mo pe àwọn ọmọ mi wá wò ó.

Wọ́n ní inú ihò igi kan tó ń jẹ́ manduvi ló ń yé sí, igi náà á sì ti tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí ihò rẹ̀ tó gbà á. Èkùrọ́ oríṣi ọ̀pẹ méjì péré ló ń jẹ. Bí iná bá jó igi ọgọ́ta ọdún lọ́sàn-án kan, níbo ni ẹyẹ yẹn fẹ́ lọ?

BàbáỌdẹ_Odẹ́dá · 7:40 àárọ̀

Ẹ kú àpérò. Èmi ń sọ ọ́, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún 71 ni mí. Ẹnì kankan kò tíì dárúkọ ọdẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lẹ́nu yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi. À ń sungbó. Bí ọ̀yà bá pọ̀ nínú èèsún, a ó yí i ká. Ẹni méjì mẹ́ta á lọ síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Àwa yòókù á dúró níhà kejì pẹ̀lú ajá, kùmọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀yà á máa já jáde, àwòdì á máa rà lókè, òun náà ń retí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí koríko gbẹ lórí tó tutù nídìí, ìgbà yẹn la ń sun ún, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ìrì fẹ́ máa sẹ̀. Iná á jó orí koríko, á fi ìdí sílẹ̀, ìrì á pa á. A ó ti ro ilẹ̀ yíká kí a tó ṣáná. Ẹni tó bá ṣáná sígbó lẹ́yìn ọdún tuntun, lọ́sàn-án gangan, nínú ọyẹ́, ẹni yẹn kì í ṣe ọdẹ, n ò ní pè é ní ọdẹ. A kì í sì í sun àkùrọ̀. Ibẹ̀ ni ẹran ń sá sí, ibẹ̀ ló ti ń mumi, ibẹ̀ ló ń bímọ sí. Bí o bá sun ibẹ̀, kí lo fẹ́ pa lọ́dún tó ń bọ̀?

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù. Mo bá àwọn kan létí odò ní èṣí, wọn kò tó ogún ọdún, ìṣáná lọ́wọ́ wọn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fìì. Mo bá wọn wí. Wọ́n ní Bàbá, ilẹ̀ olómi kì í jó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìyẹn.

Mo rí ti 1983. Òjò kọ̀, ọyẹ́ mú bí abẹ, iná wọ oko kòkó bàbá ìyàwó mi. Kòkó kì í jó bí koríko. Ewé gbígbẹ abẹ́ rẹ̀ ló jó, igi dúró, ewé wà lórí. A yọ̀, a ní ó ti bọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ìdí. Bàbá náà ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, á fi èékánná ha èèpo igi kọ̀ọ̀kan, á wò ó bóyá àwọ̀ tútù ṣì wà lábẹ́. Ó ń ha á kiri, láti igi dé igi. N ò lè gbàgbé èékánná bàbá yẹn.

Tíṣà_Aṣerò · 8:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ọdún yẹn kan náà ni iná jó oko kòkó ní Ghana tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàn fi mú.

Ìbàràpá_lọ_ìlé · 8:22 àárọ̀

Àwọn dáràndáràn ni kẹ́ ẹ bi. Àwọn ló ń sun pápá kí koríko tútù lè yọ fún màlúù.

Ẹ̀gbá_ní_São_Paulo · 9:50 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká rọra. Níbí, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Pantanal, oko màlúù olówó ni, wọ́n sì ti ń sin màlúù níbẹ̀ láti ju igba ọdún lọ. Lóòótọ́, àwọn ọlọ́pàá tọpasẹ̀ àwọn iná kan ní 2020 dé inú oko màlúù. Àmọ́ iná kan bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹni tó ń fi èéfín lé oyin. Àrá náà ń dáná níbẹ̀, àmọ́ ìgbà òjò ni àrá ń sán, òjò tó bá a wá ló máa ń pa á. Iná inú ọ̀dá, ọwọ́ èèyàn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èèyàn kì í sì í ṣe ẹ̀yà kan.

Ìjọba fòfin de sísun igbó fún 120 ọjọ́ ní July 2020. Ọdún yẹn ló tún wá jó jù. Nígbà tó di 31 July 2024, wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìṣàkóso iná. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni pé kò ní kí ẹnikẹ́ni má dáná mọ́ rárá. Ó mọ iná àwọn ọmọ ìbílẹ̀, irú àwọn Guató, àti ti àwọn ará quilombo, àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà, mọ́ iná tó bófin mu. Ó fàyè gba kí wọ́n sun ún nígbà tí koríko ṣì tutù, kí ó má baà di ẹrù iná nígbà ọ̀dá. Bàbá Ọdẹ, ohun tí bàbá yín kọ́ yín ló wà nínú ìwé òfin níbí báyìí.

BàbáỌdẹ_Odẹ́dá · 10:06 àárọ̀

Inú mi dùn láti gbọ́ ọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà · 12:33 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi kún un. Pantanal wà lábẹ́ àbò o. Ó wọ ìwé Ramsar ní 1993, UNESCO fọwọ́ sí apá kan rẹ̀ ní 2000. Ramsar, ìlú kan ní Iran ni, ibẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ti jọ ṣàdéhùn lórí àbàtà ní 2 February 1971. Nàìjíríà ní ibi 11 nínú ìwé náà, láti Adágún Nguru títí dé Oguta. Kò sí ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n ìwé kò dáàbò bo Pantanal nígbà tómi ti lọ.

Ẹ̀gbá_ní_São_Paulo · 1:10 ọ̀sán

2 February kẹ̀? Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń bọ Yemọja ní Salvador! Wọ́n á wọ funfun, wọ́n á gbé òdòdó àti lọ́fínńdà àti dígí sínú ọkọ̀, wọ́n á gbé e lọ sójú òkun. Yemọja tó ni Odò Ògùn wa yìí ni wọ́n ń ké pè.

ÌyáẸlẹ́ja · 1:19 ọ̀sán

Ìyá ń gbọ́ wọn. Àwa tá a wà létí odò rẹ̀ ńkọ́? Ìdọ̀tí là ń dà sí i.

Tíṣà_Aṣerò · 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má rò pé 2020 ti kọjá lọ. Ní 2024, ọ̀dá tún mú wọn, iná tún jó. Igi ìwọ̀n kan wà lójú odò Paraguay ní Ladário, láti 1900 ni wọ́n ti ń kà á. Ní October 2024, odò náà sọ̀ kalẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 69 sísàlẹ̀ òdo. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé odò ti tán, ibi tí wọ́n fi òdo sí lórí igi náà lomi wá wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bọ́ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó burú jù ṣáájú ni ti 1964, sẹ̀ǹtímítà 61.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ẹni tó bá ń wo igi yẹn láti January á ti mọ̀ pé iná ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná. Ta ló ń wo tiwa?

ỌmọẸnuGádà · 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Mo lọ sí àkùrọ̀ lónìí, èmi àti bàbá.

Apá tó jó léṣìí ṣì dúdú. Mo fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ. Eérú ni ìka mẹ́rin àkọ́kọ́, ó fẹ́lẹ́, ó ń fò bí ìyẹ̀fun. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbòǹgbò tó ti di èédú, mo fọwọ́ kàn án, ó rún. Kò sí ekòló kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí o bá fi ọkọ́ kan ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan, omi á sun sójú ihò. Mo gbẹ́ ẹ dé orúnkún lónìí, omi kò yọ.

A wá tọ ipa omi lọ sókè. Ẹni kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti la gọ́tà, ó ti darí omi tó máa ń ṣàn wọ àkùrọ̀ wa gba ibòmíràn. Ó ti tó ọdún méjì tó ti là á. A ò mọ̀, torí òjò ọdún méjèèjì pọ̀, odò ló sì ń gba ojú wa. Lápá òsì, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ sí ohun tó tó plọ́ọ̀tì mẹ́ta.

Bàbá dúró lórí gọ́tà yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Omi ti kọ́kọ́ lọ. Iná kàn wá bá ilẹ̀ òfìfo ni." Kò dárúkọ àmúwá mọ́.

A bá ẹni búlọ́ọ̀kù náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń lo omi náà, a lè dí gọ́tà náà padà bí a bá fi páìpù kékeré sílẹ̀ fún òun. Ti àwọn tó da yẹ̀pẹ̀, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀.

Nísinsìnyí, èyí tó kù nínú èèsún náà gbẹ, ó ga, ọyẹ́ kò sì tíì lọ. Bàbá Ọdẹ, ṣé ká sun ún ni?

BàbáỌdẹ_Odẹ́dá · 7:15 alẹ́

Rárá o! Ìgbà ti kọjá. Ẹ má ṣáná síbẹ̀ rárá. Ẹ fi àdá gé èèsún náà lulẹ̀, kí ẹ kó o kúrò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ro ilẹ̀ yí gbogbo àkùrọ̀ ká, fífẹ̀ rẹ̀ kó tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, kí ẹ gbá a títí yẹ̀pẹ̀ á fi hàn. Ibi tó bá jẹ́ ilẹ̀ dúdú olójú gbòǹgbò, ẹ gbẹ́ ibẹ̀ jìn, kí iná má baà gba abẹ́ kọjá. Tó bá di November tó ń bọ̀, ẹ pè mí, n ó wá fi bí wọ́n ṣe ń sun ún hàn yín. Èmi àti ọmọ mi méjì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Sọ́ọ̀mílì_Láfẹ́ńwá · 7:21 alẹ́

N ó mú ṣọ́bìrì márùn-ún wá. Àbúrò mi ní òun náà ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alábàtà · 7:30 alẹ́

Àwa mẹ́fà ń bọ̀ láti ilé ìwé. Mo máa ri igi ìwọ̀n kan mọ́ etí odò, n ó fi ọ̀dà sàmì sí i. Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ̀yin lẹ ń débẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé ẹ lè máa bá wa kà á?

ÌyáẸlẹ́ja · 7:44 alẹ́

N ó máa kà á láàárọ̀ kí n tó pàtẹ. Ẹ fi àmì ńlá sí i, ojú mi kò ríran jìnnà mọ́.

Abẹ́òkútà_niléwa · 8:09 alẹ́

Aago mélòó? Àdá mi ti kú, kí ẹnì kan bá mi mú òkúta ìpọ́n dání.

ỌmọẸnuGádà · 8:11 alẹ́

Aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ afárá wọlé, ẹ ó rí bàbá níwájú.